Ta Ló Kọ Ọ́, Ta Ló sì Kọ Ọ́ Sí? Ẹ̀kọ́ Lórí Kíka Ìwé Ìtàn

 

Nínú ìwé ìrántí bí irú èyí, ẹ ó rí àwòrán àwọn àgbà, ẹ ó rí ètò ìsìn, ẹ ó sì rí ìtàn ìjọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló máa ń fo ìtàn yẹn, tí a ó lọ wá àwòrán ara wa. Àwọn tó bá sì kà á, wọ́n a gbà á wọlé bó ṣe wà, bí ẹni mu omi. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà tó mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ ń lọ sinmi lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá wá ku ìwé nìkan, ohun tí ìwé bá wí ni ọmọ wa yóò gbà gbọ́. Ìdí nìyí tí a fi mú ẹ̀kọ́ yìí wá: bí a ṣe ń ka ìwé tí àwọn ará ìṣáájú kọ sílẹ̀, kí a lè mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, àti ibi tó dúró sí nígbà tó ń wòran.

Àwọn baba wa wí pé, a-gbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹni tó ka ìwé kan ṣoṣo tó sì dájọ́, ohun tó ṣe gan-an nìyẹn.

OKÙN MẸ́TA TÍ Ọ̀RỌ̀ FI Ń FA ÈNÌYÀN

Ọkùnrin kan wà ní ilẹ̀ Gíríìkì láyé àtijọ́, Aristotle lorúkọ rẹ̀. Ó ti lé ní 2,300 ọdún tó ti kú. Ó kọ ìwé lórí ọgbọ́n ọ̀rọ̀ sísọ, ó sì sọ níbẹ̀ pé ọ̀nà mẹ́ta ni ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ń gbà yí ọkàn àwọn tó ń gbọ́ padà. Àwa yóò pè wọ́n ní okùn mẹ́ta.

Okùn kìíní ni ìwà àti ipò ẹni tó ń sọ̀rọ̀: ẹ gbà mí gbọ́, ẹ ṣáà mọ irú ẹni tí mo jẹ́. Okùn kejì ni ọkàn ẹni tó ń gbọ́: àánú, ẹ̀rù, ìbínú, ayọ̀. Okùn kẹta ni ẹ̀rí àti àlàyé tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀: nítorí pé báyìí ni tibí rí, ó di dandan kí tọ̀hún rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan nìyí o. Ẹ wo ẹni tó ń ta oògùn nínú ọkọ̀ èrò. Á ní ìdílé oníṣègùn ni wọ́n bí òun sí. Okùn kìíní nìyẹn. Á ní, ṣé ẹ fẹ́ kí jẹ̀díjẹ̀dí sọ baálé ilé di aláìlágbára ni? Okùn kejì. Á ní, iye tí ẹ ó san nílé ìwòsàn rèé, iye ìgò kan rèé, ẹ ṣírò ó wò. Okùn kẹta. Kí ọkọ̀ tó dé ibi tó ń lọ, ó ti tà á tán.

Bíbélì pàápàá fi í hàn wá. Nínú Ìṣe Àwọn Àpósítélì orí 24, wọ́n mú Pọ́ọ̀lù wá síwájú Gómìnà Fẹ́líksì. Tertulu, agbẹjọ́rò àwọn tó fẹ̀sùn kàn án, kọ́kọ́ yin gómìnà dáadáa kó tó sọ ẹ̀sùn. Nígbà tó kan Pọ́ọ̀lù, òun náà fi ọ̀wọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí wọ́n ti yà: Pọ́ọ̀lù sọ iye ọjọ́ tí òun tíì lò láti ìgbà tí òun ti gòkè lọ sí Jerúsálẹ́mù, ó sì béèrè pé níbo ni àwọn ẹlẹ́rìí tó yẹ kó dúró síbẹ̀ wà. Nítorí náà, okùn náà kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí a so mọ́ ọn ni kí á yẹ̀ wò.

Bí a bá mú ìwé ìtàn lọ́wọ́, kí á bi í ní ìbéèrè mẹ́rin. Ta ló kọ ọ́? Ta ló kọ ọ́ sí? Kí ló fẹ́ kí ẹni náà gbà gbọ́ tàbí kó ṣe? Ta ni ọ̀rọ̀ kàn tí a kò gbọ́ ohùn rẹ̀? Ẹ jẹ́ kí á fi ìwé mẹ́ta dán an wò, ìwé tó jẹ mọ́ ilẹ̀ wa.

ÌWÉ KÌÍNÍ: LẸ́TÀ ÀJÀYÍ CROWTHER, 1837

Gbogbo wa la mọ orúkọ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, ẹni tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wà nínú Bíbélì Yorùbá. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kejì ọdún 1837, nígbà tí kò tíì di àlùfáà rárá, ó kọ lẹ́tà gígùn kan láti Fourah Bay ní Sàró sí Àlùfáà William Jowett, akọ̀wé ẹgbẹ́ C.M.S. ní Lọ́ńdọ̀nù. Nínú rẹ̀ ló ti ròyìn bí ogun ṣe kó ìlú rẹ̀, Òṣogùn, ní 1821, bí wọ́n ṣe mú òun àti ìyá rẹ̀ àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ obìnrin, bí wọ́n ṣe fi òun pààrọ̀ ẹṣin, tí wọ́n ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi bọ́ sọ́wọ́ àwọn Pọtogí ní Èkó, àti bí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ṣe gba ọkọ̀ ẹrú náà lójú òkun ní 1822.

Ẹ wo okùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Okùn kìíní: ojú rẹ̀ ló ṣe. Ẹnu oníkàn la ti ń gbọ́ pọ̀ùn-ún. Okùn kejì: ìyá tí wọ́n yà nípa sí ọmọ rẹ̀, okùn lọ́rùn ọmọdé, ọmọ tó fẹ́ fúnra rẹ̀ lọ́rùn pa kí ó má baà dé ọwọ́ òyìnbó. Ta ló máa kà á tí àánú kò ní ṣe? Okùn kẹta: ó dárúkọ ìlú, ó sọ bí ó ti pẹ́ tó níbì kọ̀ọ̀kan àti ohun tí wọ́n fi rà á, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó jókòó sí Lọ́ńdọ̀nù lè máa tọ ipasẹ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ lẹ́sẹ̀.

Ó dáa, ibo ló dúró sí? Ẹni tó ń kọ̀wé yìí ti ṣe ìrìbọmi ní 1825, ó ti di olùkọ́, ó sì ń bá àwọn tó ń fi owó àti àdúrà ran iṣẹ́ míṣọ́nnárì lọ́wọ́ sọ̀rọ̀. Nítorí náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ti fi hàn pé ìpèsè Ọlọ́run ni òun fẹ́ ròyìn. Ọmọ ọdún bíi 15 tí wọ́n mú ní 1821 kò rí ìpèsè kankan níbẹ̀. Ó fẹ́ kú ni. Ọkùnrin tó wẹ̀yìn wò ní 1837 ló rí ọwọ́ Ọlọ́run. Ohùn méjì ló wà nínú lẹ́tà kan: ohùn ọmọ tó ń sunkún, àti ohùn olùkọ́ tó ń dúpẹ́. Bí ẹ̀rí ìdúpẹ́ tiwa náà ṣe rí nìyẹn. Ibi pẹpẹ la ti ń jẹ́rìí, a kì í ti orí ibùsùn àìsàn jẹ́ ẹ. Ìyẹn kò sọ ẹ̀rí di irọ́, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni tó ń gbọ́ mọ̀ pé àárín ibi méjèèjì jìn síra.

Ohun kan tún wà níbẹ̀. Nígbà tó ń kọ lẹ́tà yìí, kò mọ̀ pé òun yóò tún fojú kan ìyá òun. Ní 1846 ni wọ́n tó pàdé ní Abẹ́òkúta, ọdún 25 lẹ́yìn tí ogun yà wọ́n. Ìwé kò lè mọ̀ ju ọjọ́ tí a kọ ọ́ lọ. Àfàlá, ìyá rẹ̀, kò sì kọ lẹ́tà tirẹ̀. Ẹkún ìyá náà, láti ẹnu ọmọ la ti gbọ́ ọ.

ÌWÉ KEJÌ: ÀDÉHÙN ÈKÓ, 1861

Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún 1861, Ọba Dòsùnmú fi àmì ọwọ́ rẹ̀ sí ìwé tó gbé Èkó fún Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó dúró fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni William McCoskry, òyìnbó onírùngbọ̀n pupa tí àwọn ará Èkó ń pè ní Apọ́ngbọ̀n, tí àdúgbò kan ṣì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní Èkó títí dòní. Bedingfield, ọ̀gá ọkọ̀ ogun Prometheus, sì wà pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wo bí wọ́n ṣe hun ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ìwé náà kò kọ́kọ́ sọ pé a gba ìlú. Ohun rere ló kọ́kọ́ tò sílẹ̀: kí Ọbabìnrin lè ran àwọn ará Èkó lọ́wọ́, kí ó lè dáàbò bò wọ́n, kí òwò ẹrú lè dópin, kí ogun tí Dàhòmì àti àwọn mìíràn fi ń kó ẹrú lè kásẹ̀. Ẹ̀yìn èyí ló wá sọ pé nítorí náà ọba fi ilẹ̀ sílẹ̀. Ṣé ẹ rí ọgbọ́n ibẹ̀? Ta ni yóò dìde pé òun kò fẹ́ kí òwò ẹrú dópin? Ẹni tó bá ti gba gbólóhùn kìíní wọlé, èkejì ti bá a wọlé nìyẹn.

Ìwé kan náà kò sọ ohun tó wà lẹ́yìn odi gbólóhùn. Kò sọ nípa àgbá ìbọn ọkọ̀ Prometheus tó wà nínú ọ̀sà. Kò rán ẹnikẹ́ni létí pé ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, ìbọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ló lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè. Àwọn ará Èkó kò sì tíì gbàgbé. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, àmì X ni ọba fi síbẹ̀. Orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé, ohùn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí òun fúnra rẹ̀ fi ń ráhùn pé ọ̀rọ̀ náà kò tẹ́ òun lọ́rùn.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún wa ni pé orúkọ ènìyàn nísàlẹ̀ ìwé kò sọ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló wà lókè. Ẹni bá ń buwọ́ lùwé fún ìjọ, fún ilẹ̀, fún ogún, kó rántí Dòsùnmú.

ÌWÉ KẸTA: ÌTÀN YORÙBÁ TI SAMUEL JOHNSON

Ìwé tó tóbi jù nínú àwọn mẹ́ta yìí ni ti Àlùfáà Samuel Johnson. Sàró ni wọ́n ti bí i ní 1846. Ó dàgbà ní Ìbàdàn, ó sì di àlùfáà ìjọ ní Ọ̀yọ́. Ní 1897 ló parí ìwé ìtàn Yorùbá tó kọ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ó fi ránṣẹ́ sí ìlú òyìnbó, ìwé náà sì sọnù síbẹ̀. Johnson kú ní 1901, kò fojú kàn án ní títẹ̀. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló kó àwọn àkọsílẹ̀ tó ṣẹ́kù jọ, tó tún un kọ. Nígbà ogun àgbáyé kìíní, ọkọ̀ Appam tó ń gbé ìwé náà lọ bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Jámánì, wọ́n sì gbé e dé Amẹ́ríkà. Ọdún 1921 ni ìwé náà tó jáde, lẹ́yìn tí Dókítà náà ti kú. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi yín pé ta ló kọ ọ́, ẹ má dárúkọ ẹnìkan ṣoṣo. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ló wà nínú rẹ̀.

Okùn kìíní lágbára lọ́wọ́ Johnson. Ìran Aláàfin Abíọ́dún ni. Òun àti Àlùfáà Charles Phillips ni Gómìnà Èkó rán sí ojú ogun Kírìjì láti bẹ àwọn jagunjagun, títí wọ́n fi ṣe àdéhùn àlàáfíà ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1886. Ó sì dárúkọ àwọn àgbà tó sọ ìtàn fún un, bí Lágúnjú tí í ṣe Tìmì Ẹdẹ, àti David Kúkọ̀mì, àgbà ìjọ Ìbàdàn. Okùn kejì: ìfẹ́ ilẹ̀ baba. Ó ń bẹ̀rù pé bí àwọn àgbà ṣe ń kú, ìtàn yóò bá wọn lọ, ó sì dùn ún pé àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ wa mọ ìtàn òyìnbó ju ìtàn ara wọn lọ. Okùn kẹta: ó to àwọn ọba léraléra, ó sì sọ ohun tó fa ogun kọ̀ọ̀kan kó tó sọ ogun náà.

Ṣùgbọ́n Ọ̀yọ́ ló dúró sí wòran. Àwọn arọ́kin ààfin ni orísun rẹ̀ fún ayé àtijọ́, bó bá sì sọ Yorùbá gan-an, ojú rẹ̀ máa ń wà lọ́dọ̀ Ọ̀yọ́. Ará Ìjẹ̀bú tó bá kà á, ará Ẹ̀gbá, ará Ìjẹ̀ṣà tàbí Èkìtì, yóò ní ibi tí yóò ti mi orí pé, bàbá wa kò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún wa. Àlùfáà tí ogun ti sú sì ni. Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ọdún 16 ló gbà kí gbogbo rẹ̀ tó tán. Ẹni tó rí irú ìyẹn, tó bá wo ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bí alálàáfíà, a mọ ohun tó fà á. Àmọ́ kí àwa tí a ń kà á lónìí rántí pé àlàáfíà yẹn náà ní ohun tó gbà lọ́wọ́ wa.

Ṣé kí á wá sọ ìwé Johnson nù? Ó tì o. Kò sí ẹni tó wòran láìdúró síbì kan. Ọpẹ́lọpẹ́ rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìtàn ì bá ti wọlẹ̀. Ohun tó yẹ ni kí á kà á pẹ̀lú ìtàn tí àwọn ìlú yòókù ń sọ, bí ìwé ìhìnrere ṣe jẹ́ mẹ́rin, tí Lúùkù sì sọ ní gbangba pé Tìófílù ni òun ń kọ tòun sí. Ẹni tó ní gbogbo ìwé irọ́ ni, àti ẹni tó ní gbogbo ìwé òótọ́ ni, ọ̀lẹ ni àwọn méjèèjì. Wọn kò fẹ́ ṣiṣẹ́ ìwádìí ni.

Ọ̀RỌ̀ WÁ KAN ILÉ WA

Àwa Aládùúrà kì í ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Láti ìgbà àjàkálẹ̀ àrùn lúkúlúkú ọdún 1918, tí ẹgbẹ́ àdúrà dìde ní Ìjẹ̀bú-Òde, títí dé sọ́jì ńlá ọdún 1930 ní Òkè-Oòyè, Iléṣà, láti ọwọ́ Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá, oríṣiríṣi ènìyàn ló kọ̀wé nípa wa. Òṣìṣẹ́ ìjọba àmúnisìn ń wò ó bóyá ìlú kò ní dàrú pẹ̀lú èrò tó pọ̀ bẹ́ẹ̀. Míṣọ́nnárì ń wò ó bóyá ẹ̀kọ́ náà bá tirẹ̀ mu. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ rí ìwòsàn ń wo ohun tí Ọlọ́run ṣe. Ọjọ́ kan náà ni, òkè kan náà ni, ṣùgbọ́n ojú wọn kò pàdé. Bó bá jẹ́ pé ìwé ìjọba nìkan ló kù nílé ìṣúra ìwé, ẹ̀rù ìjọba nìkan ni ọmọ wa yóò bá níbẹ̀. Bó bá sì jẹ́ ìwé ẹ̀rí tiwa nìkan, kò ní mọ ìdí tí ìjọba fi ń fura.

Kí á tún sún mọ́lé díẹ̀ sí i, kí ẹnikẹ́ni má bínú. Ọ̀rọ̀ ìyapa ìjọ ńkọ́? Ẹ mú ìwé ìtàn ìjọ méjì tó ti jẹ́ ọ̀kan tẹ́lẹ̀. Nínú ti ibí, wọ́n kọ pé àwọn arákùnrin kan fi wá sílẹ̀. Nínú ti ọ̀hún, wọ́n kọ pé Ẹ̀mí darí wa jáde, tàbí pé wọ́n lé wa. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a yí padà, fi wá sílẹ̀ tàbí lé wa, ẹ̀bi sì ti bọ́ sí ẹ̀yìn ẹlòmíràn. Lónìí tí àwọn ìjọ tó ń bá wa yọ̀ jókòó lórí àga kan náà pẹ̀lú wa, ó yẹ kí á bi ara wa pé: bí àwọn náà bá ka ìtàn tí a kọ, ṣé wọn yóò mọ ara wọn nínú rẹ̀?

Àti àwọn ìyá wa. Nínú ọ̀pọ̀ ìtàn ìjọ, ẹ ó rí orúkọ alága, akọ̀wé àti akápò. Àwọn ìyá àdúrà tó ń gbààwẹ̀, tó ń pọnmi sí iṣẹ́ ilé ìsìn, tó ń ta àkàrà kí owó páànù lè pé, a máa ń pè wọ́n ní àwọn obìnrin rere, ó parí. Ẹni tí a kò dárúkọ rẹ̀, ọmọ rẹ̀ kò ní bá a nínú ìwé.

ÌMỌ̀RÀN FÚN ÀWỌN TÓ Ń KỌ ÌTÀN ÌJỌ

Kí á máa sọ ẹni tó sọ ìtàn fún wa, ọdún tó sọ ọ́ àti ibi tó wà nígbà tí nǹkan náà ṣẹlẹ̀.

Kí á ya ohun tí a fojú rí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí a gbọ́.

Bí ọ̀rọ̀ bá ní apá méjì, kí apá méjèèjì sọ̀rọ̀, kí ẹni tó ń kà á lè fi ọgbọ́n tirẹ̀ wò ó.

Kí á má fa ìwé ìpàdé àtijọ́ ya nítorí pé ohun tó wà níbẹ̀ kò dùn mọ́ wa. Bí a bá ń sunkún, à máa ríran.

Kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ lọ jókòó ti àwọn àgbà lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ fi fóònù yín gba ohùn wọn sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ bó ṣe wá sí wọn lẹ́nu.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ KÍLÁÀSÌ

1. Nínú ìtàn ìjọ tó wà nínú ìwé ìrántí yìí, ta ló ń sọ̀rọ̀? Ta ni a kò gbọ́ ohùn rẹ̀?

2. Ẹ wá gbólóhùn kan níbẹ̀ tó fa ọkàn yín. Okùn wo ló fi fà yín nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?

3. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó ń purọ́ àti ẹni tó ń sọ òótọ́ láti ibi tó dúró sí?

4. Bí Àfàlá, ìyá Àjàyí, bá kọ lẹ́tà sí ọmọ rẹ̀ ní 1837, kí ni ẹ rò pé yóò bi í léèrè?

Kí Olúwa tó mọ òpin láti ìbẹ̀rẹ̀ fún wa ní ojú tó ríran àti ọkàn tó dúró ṣinṣin lórí òtítọ́. Kí ó dá ẹ̀mí àwọn àgbà wa sí kí á lè gbọ́ tiwọn tán.    Àmín.